Mo fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ oníwo àgbò: kí ló máa yàtọ̀ lórí àwọn òkè Ìbàdàn?

Ọmọ Òkè-Àdó kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ irin tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ nà gbọọrọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé e lé ìwọ̀n ìyá kan tó ń ta ìrẹsì ládùúgbò wa, kílò 15 ló jẹ́. Òun ni mo ń gùn láti Òkè-Àdó lọ síbi iṣẹ́ ní Sẹ́kítéríàtì. Bó bá di àárọ̀ Sátidé, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì a máa gba Ọ̀jọ́ọ̀, a ó kọjá níwájú IITA, a ó dé Mọ́níyà ká tó yí padà.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì ti ra kẹ̀kẹ́ eré-ìje báyìí, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Láti Ṣàngó títí a ó fi dé Ọ̀jọ́ọ̀, ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń wò. Bí a bá sì ní ká gun òkè lọ sí Mápó tàbí Òkè Ààrẹ, ẹsẹ̀ mi á kú, màá sọ̀kalẹ̀, màá máa fi ọwọ́ tì í. Ẹnì kan tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ní méjì tí agbára mi ká. Ọ̀kan jẹ́ kábọ̀n, fọ́nrán tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, kì í ṣe irin, ó fúyẹ́ débi pé ìka méjì ni mo fi gbé e nílẹ̀. Èkejì jẹ́ alumíníọ́mù, ó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, kò sì dán tó o. Iye kan náà ló pe méjèèjì.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé kẹ̀kẹ́ tó dáa máa ń yí bí èèyàn ṣe ń gùn padà lóòótọ́, àbí ẹsẹ̀ mi ló yẹ kí n wá nǹkan ṣe sí? Bó bá sì jẹ́ kẹ̀kẹ́ ni, èwo ni kí n mú?

Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Mọ́níyà kọ:

Ó ń yí i padà, àbúrò. Èmi ti gun irú tìrẹ fún ọdún méje kí n tó pààrọ̀, mo sì rántí àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gun tuntun jáde. Ti tẹ́lẹ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ń ti ilẹ̀kùn ọgbà tó wúwo: màá tẹ pẹ́dà, màá tún tẹ̀ ẹ́, kó tó gbà. Èyí, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí ló ti lọ.

Táyà ló kọ́kọ́ fà á. Ibi tí táyà bá ti kan ilẹ̀, rọ́bà rẹ̀ á tẹ̀, á tún padà sípò, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Rọ́bà tó nípọn, tó le, tó ní eyín gbàǹgbà-gbàǹgbà, apá kan agbára ẹsẹ̀ rẹ ló ń sọ di ooru lásán. Táyà kẹ̀kẹ́ eré-ìje tó dáa fẹ́lẹ́, ó rọ̀, ojú rẹ̀ sì dán, kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ìkejì ni atẹ́gùn, èyí ló sì ń jẹ́ kó o máa wo ẹ̀yìn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Bí eré rẹ bá di ìlọ́po méjì, bí atẹ́gùn ṣe ń tì ọ́ sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin, agbára tí wàá fi bá a jà á sì di ìlọ́po mẹ́jọ. Lórí ilẹ̀ títẹ́, tó o bá ti kọjá bíi kìlómítà 20 ní wákàtí kan, òun ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ. Ara ẹni tó jókòó ni atẹ́gùn ń kọlù jù, kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Lórí kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ gbọọrọ, àyà rẹ gbà á bí ìgbà tí wọ́n ta ìgbòkun. Lórí oníwo àgbò, wàá tẹ ẹ̀yìn, wàá fa ìgbọ̀nwọ́ mọ́ra, á sì gba orí rẹ kọjá lọ. Bó bá di oṣù Kejìlá tí ọyẹ́ dé, wàá mọ ohun tí mò ń wí. Láti àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, nítorí náà ojú rẹ ló ń bá pàdé bó o bá ń lọ sí Mọ́níyà, ẹ̀yìn rẹ ló sì ń tì bó o bá ń bọ̀ wálé.

Mú kábọ̀n. Kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́ lòkè ń fẹ́.

Oníṣẹ́ Kẹ̀kẹ́ kọ:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa ilẹ̀ títẹ́. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mi ò fara mọ́.

Ọmọ Òkè-Àdó, má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó. Lọ ka eyín jíà fún wa. Mi ò sọ pé iye jíà o, iye eyín ni mo wí. Ka ti iwájú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dà, kí o sì ka èyí tó tóbi jù lẹ́yìn lára wíìlì. Fi ẹfun sàmì sí eyín kan kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o má bàa kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ka ti kẹ̀kẹ́ rẹ, kó o padà lọ bá ẹni tó ń ta àwọn méjèèjì, kó o ka tiwọn náà.

Ọmọ Òkè-Àdó kọ:

Mo ti kà á, ẹ̀gbọ́n. Tèmi: iwájú 48, 38 àti 28, ẹ̀yìn tó tóbi jù 28. Ṣùgbọ́n eléyín 28 tó wà níwájú yẹn, ó ti tó ọdún kan tí ṣéènì kì í bọ́ sí i mọ́. 38 ni mo fi ń gun òkè.

Kábọ̀n: iwájú 53 àti 39, ẹ̀yìn 25. Alumíníọ́mù: iwájú 50 àti 34, ẹ̀yìn 32.

Oníṣẹ́ Kẹ̀kẹ́ kọ:

O ṣeun. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pa pọ̀.

Fi eyín ẹ̀yìn pín eyín iwájú, kó o wá sọ ọ́ di ìlọ́po àyíká táyà, tó jẹ́ bíi mítà 2.1. Ohun tó bá jáde ni ibi tí kẹ̀kẹ́ máa gbé ọ dé bí ẹsẹ̀ rẹ bá yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá ṣe kéré tó ni òkè á ṣe rọrùn tó.

Bó o ṣe ń gun tìrẹ báyìí, 38 lórí 28, mítà 2.85 ni. Kábọ̀n yẹn, 39 lórí 25, mítà 3.28. Alumíníọ́mù, 34 lórí 32, mítà 2.23.

Wò ó báyìí. Kí orúnkún má bàa máa fọ́, ó yẹ kí ẹsẹ̀ lè yí tó ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, kódà lórí òkè. Kí ẹsẹ̀ rẹ tó lè yí tó bẹ́ẹ̀ lórí kábọ̀n, o gbọ́dọ̀ máa sá eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12 ní wákàtí kan gun òkè. Lórí kẹ̀kẹ́ rẹ, ó lé díẹ̀ ní 10. Lórí alumíníọ́mù, 8 péré. Ta nínú wa ló ń sá eré kìlómítà 12 gun Òkè Ààrẹ lọ sídìí ilé gogoro Bower? Àwọn tó ń fi eré-ìje jẹun ni wọ́n ṣe 53 àti 39 fún, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti jìyà lójoojúmọ́ láti kékeré. Bó o bá ra kábọ̀n yẹn tó fúyẹ́ bí ìyẹ́, ó máa nira fún ọ láti gun Mápó ju bó ṣe ń nira báyìí lọ. Bí wọ́n bá tún bi ọ́ pé kí ló dé, wàá ní ẹsẹ̀ rẹ ni kò dáa.

Ẹsẹ̀ rẹ dáa. Eléyín 28 tí kò ṣiṣẹ́ yẹn ló ń dà ọ́ láàmú. 28 lórí 28 jẹ́ mítà 2.1, ó rọrùn ju alumíníọ́mù tuntun yẹn pàápàá. Nítorí náà, kó o tó ra ohunkóhun, tún un ṣe. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáyà ló ti dípata nínú rọ́bà rẹ̀, pààrọ̀ wáyà àti rọ́bà. Bí kò bá tíì bọ́, wo síkúrúù kékeré méjì tó wà lórí irin tó ń ti ṣéènì níwájú, èyí tí wọ́n kọ L sí ni kó o tú díẹ̀díẹ̀, ìdá mẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kan, títí ṣéènì á fi máa bọ́ sí kékeré láìjá sílẹ̀.

Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Mọ́níyà kọ:

Mo jókòó, mo fi bírò ṣírò rẹ̀, mo sì gba ọ̀rọ̀ rẹ, Oníṣẹ́. Jẹ́ kí n fi ti ìwúwo kún un, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn.

Ká ní ẹni tó ń gùn ún jẹ́ kílò 72. Òun àti kẹ̀kẹ́ kílò 15, kílò 87. Òun àti kẹ̀kẹ́ kílò 9, 81. Lórí òkè tó ń gbà á ní ìṣẹ́jú 5, kílò 6 tó dín yẹn á dín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 kù fún un. Ìyẹn pọ̀, ara rẹ á mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láàárín kẹ̀kẹ́ kílò 10 àti ti kílò 9, kò tó ìṣẹ́jú àáyá 4. Ìgò omi tó kún lò ń gbé lọ́wọ́ yẹn sún mọ́ kílò kan tán. Àjọ UCI tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé gan-an kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ìdíje fúyẹ́ ju kílò 6.8 lọ. Àwọn tó ń du ife-ẹ̀yẹ ni gíráàmù kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní nǹkan.

Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà. Alumíníọ́mù ni kó o mú.

Ìyá Ìbejì Bódìjà kọ:

Ẹ kú ìjíròrò o. Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ jíà, ẹ ti sọ̀rọ̀ ìwúwo, ẹnì kankan ò tíì bi ọmọ yìí léèrè bóyá kẹ̀kẹ́ náà bá ara rẹ̀ mu. Ohun tó gba ọdún kan ààbọ̀ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ eré-ìje àkọ́kọ́ tí mo rà, mo rà á nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ wù mí, owó rẹ̀ sì bọ́ sí i. Férémù rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 56. Mi ò ga. Ńṣe ni mò ń nà mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ ká èso lórí igi. Kí n tó dé Ọ̀jọ́ọ̀, ìka ọwọ́ mi méjì tó kẹ́yìn á ti kú, mi ò ní mọ̀ bóyá mo di bíréèkì mú. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń gùn ún nìyẹn, pé kó máa dun èèyàn wà lára rẹ̀. Kò sí lára rẹ̀ rárá. Ìgbà tí mo gun nọ́ńbà 50 tí ẹlòmíràn ní, ńṣe ni omi bọ́ lójú mi lọ́nà, nítorí mo rántí gbogbo àárọ̀ tí mo fi jẹ̀rora lásán.

Àbúrò, ohun tí wàá ṣe rèé. Bọ́ bàtà, fẹ̀yìn ti ògiri, fi ìwé tó nípọn sáàárín itan rẹ, kó o tì í sókè dáadáa bí ìgbà tó o jókòó lé kẹ̀kẹ́. Jẹ́ kí ẹnì kan fi téèpù wọn ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé náà lókè. Sọ ọ́ di ìlọ́po 0.883. Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 76, ó fún mi ní 67.1. Ìyẹn ni gíga ìjókòó láti àárín gbùngbùn ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí, títí dé orí ìjókòó. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kó o wá máa gbé e sókè sódò díẹ̀díẹ̀. Bí iwájú orúnkún bá ń dùn ọ́, ìjókòó ti lọ sílẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún, ó ti ga jù. Kó o wá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú níbi tí bíréèkì wà: ìgbọ̀nwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀. Bó bá na tàntàn, kẹ̀kẹ́ náà gùn jù fún ọ, jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á.

Ìjókòó ńkọ́? Rírọ̀ kọ́ ni dídára, pàápàá fún àwa obìnrin. Eegun ìdí méjì ló yẹ kó gbé ọ. Gbé páálí lé orí àga líle, jókòó lé e, gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, kó o dìde kó o wọn àárín ojú kòtò méjì tó bá wà níbẹ̀. Ìjókòó tó fẹ̀ ju ìyẹn lọ díẹ̀ ló máa gbà ọ́. Àwọn sòkòtò onítìmùtìmù tí wọ́n fi ń gun kẹ̀kẹ́, a kì í wọ pátá sábẹ́ wọn. Rírán tó wà lára pátá ló ń bó awọ ara, mo rò pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ UI kọ:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti túùbù. Ẹnu túùbù kẹ̀kẹ́ eré-ìje tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní nọ́ọ̀tì kékeré lórí tí a gbọ́dọ̀ tú kí afẹ́fẹ́ tó wọlé. Ẹnu ẹ̀rọ fọ́kánáísà, ti mọ́tò ni, kò wọ̀ ọ́. Orí bàbà kékeré kan wà tí wọ́n máa ń dè mọ́ ọn kó lè bá ti mọ́tò mu, kò wọ́n rárá. Ẹ ra méjì, kí ọ̀kan wà lẹ́nu túùbù, kí èkejì wà nínú àpò.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ́tò fẹ́ ẹ tán. Ojú mi ló ṣe ní Àgbowó: kí bọ̀dá náà tó gbé ọwọ́ kúrò, táyà ti bú gbàù, etí mi ń hó títí alẹ́. Afẹ́fẹ́ táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ò pọ̀, ojú ẹsẹ̀ ló ń kún. Pọ́ńpù tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, tó ní ojú ìwọ̀n, ló dáa. Ní táyà 28, ìyẹn tó fẹ̀ tó mìlímítà 28, pẹ̀lú ara kílò 72, èmi máa ń fi PSI 75 sẹ́yìn, 70 síwájú. Kò gbọ́dọ̀ kọjá ohun tí wọ́n kọ sára táyà.

Àgbà Òkè-Bọ́là kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Raleigh ni bàbá mi gùn, òun ni mo fi kọ́ kẹ̀kẹ́, mo sì ṣì ń gùn títí dòní. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo ní.

Àkọ́kọ́, táyà. Bí táyà kẹ̀kẹ́ eré-ìje bá bàjẹ́, tó o bá wọ ọjà béèrè, wọ́n lè nawọ́ táyà Raleigh 28 sí ọ, wọ́n á ní ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ríìmù Raleigh àtijọ́ jẹ́ mìlímítà 635, ti eré-ìje tí wọ́n ń pè ní 700C jẹ́ 622. Táyà náà á máa jó lára ríìmù ni, á sì bọ́ sọ́nà. Wo ẹ̀gbẹ́ táyà, wọ́n á kọ nǹkan bí 28-622 síbẹ̀. 622 yẹn ni kó o máa bá ọlọ́jà sọ, má sọ ọ̀rọ̀ ínṣì rárá.

Ìkejì, tòkunbọ̀. Irin bá tẹ̀, a ó nà á. Bó bá sán, wẹ́lídà tó mọṣẹ́ á jó o. Ta ló máa bá ọ jó kábọ̀n ní Ìbàdàn? Kábọ̀n tó ti ṣubú rí lè máa dán lóde, kó ti ya nínú. Fi owó ẹyọ kàn án káàkiri, kó o fetí sí i: ibi tó dáa ń dún gbọnran, ibi tó ti yà ń dún bọ̀tọ̀. Ohùn máa ń yí padà díẹ̀ níbi tó bá nípọn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wé tòsì. Ti alumíníọ́mù, tan tọ́ọ̀ṣì síbi gbogbo tí wọ́n ti jó o pọ̀, kó o wá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Rí i dájú pé igi ìjókòó ṣeé fà sókè, nítorí ó máa ń dì mọ́ inú férémù. Di apá pẹ́dà mú, kó o mì í sọ́tùn-ún sósì: kò gbọ́dọ̀ ṣe gẹrẹgẹrẹ. Wọn ṣéènì: ìdè 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 12 gẹ́lẹ́. Bó bá ti fi ìdá mẹ́rìndínlógún ínṣì kan lé, ó ti ń jẹ eyín jíà, kó o yọ owó ṣéènì tuntun kúrò nínú ohun tí wàá san. Béèrè ìwé tí wọ́n fi rà á, kó o sì wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ férémù. Bí wọ́n bá ti ha á dànù, má fọwọ́ kàn án.

Ọmọ Ìwó Road kọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, bàbá wa. Ẹ jẹ́ kí n fi ti bíréèkì kún un, nítorí àwọn onímáíkírà wa. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń rí èrò, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń yà sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Lórí kẹ̀kẹ́ oníwo àgbò òde òní, ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ jíà ni bíréèkì wà, ọwọ́ rẹ kì í kúrò níbẹ̀. Lórí àwọn tí jíà wọn wà lára igi férémù nísàlẹ̀, wàá gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ kan kúrò. Ní Mọ̀kọ́lá lágogo mẹ́jọ àárọ̀, mi ò fẹ́ kí ọwọ́ kan mi kúrò.

Béèrè irú bíréèkì tó wà lára alumíníọ́mù yẹn. Èyí tó ń fún ríìmù, bí òjò bá rọ̀, wíìlì á kọ́kọ́ yí kó tó nu omi kúrò kó tó mú. Ẹrẹ̀ pupa wa yìí tún ń rin ríìmù jẹ bí ọlọ. Dísìkì, èyí tó ń fún àwo irin láàárín wíìlì, kì í ní ìṣòro yẹn. Ti dísìkì náà, oníwáyà tẹ́ mi lọ́rùn ju olómi lọ, torí wáyà kò ní wọ́n ọ níbikíbi, àmọ́ bí olómi bá jò lọ́nà Ọ̀yọ́, ilé ló kù.

Ṣọ́ra fún irin ojú gọ́tà tí àlàfo rẹ̀ nà lọ sí ibi tó ò ń lọ. Táyà rẹ àtijọ́ ń gorí rẹ̀ kọjá. Tuntun á wọnú rẹ̀. Bí kòtò bá sì dé tí kò ṣeé yà fún, dìde díẹ̀ lórí ìjókòó, jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà ní ọgbọọgba, tẹ orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́, kí kẹ̀kẹ́ lè gun òkè sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ rẹ.

Ọmọ Òkè-Àdó kọ:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, bàbá wa, ìyá wa, ẹ kú àdúrótì. Ó ti tó oṣù méjì, mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Mo kọ́kọ́ tún jíà kékeré yẹn ṣe. Wáyà ni lóòótọ́, ó ti dípata pátápátá. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbéra láti Bẹẹrẹ, mo gun Mápó láìsọ̀kalẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń lọ, àwọn ọmọ kékeré ń bá mi rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n mi ò sọ̀kalẹ̀. Mo dúró síwájú gbọ̀ngàn Mápó, mo ń wo òrùlé páànù pupa tó lọ salalu nísàlẹ̀, inú mi dùn débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí mo ti fẹ́ tà ni o.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti wo alumíníọ́mù náà dáadáa. Mo gbé téèpù, tọ́ọ̀ṣì àti ẹfun lọ. Sẹ̀ǹtímítà 81 ni ti ẹsẹ̀ mi, 71.5 ni ìjókòó mi. Dísìkì oníwáyà ló ní, igi ìjókòó fà sókè, apá pẹ́dà ò mì, ṣéènì ti nà. Ẹni tó ń tà á yọ owó ṣéènì kúrò láìjà. Táyà 23 ló wà lára rẹ̀, mo fi 28 rọ́pò, àyè sì kù.

Ohun tó yàtọ̀: láàárín Ọ̀jọ́ọ̀ àti Mọ́níyà, mi ò wo ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni mọ́. A ń gba iwájú lọ́wọ́ ara wa ni. Ní gẹ̀rẹ́ tó ń sọ̀kalẹ̀, mo di ìwo náà mú nísàlẹ̀, atẹ́gùn tó ti ń kùn létí mi láti ọdún mẹ́rin rọlẹ̀. Ohun tí kò yàtọ̀: òkè ṣì ni òkè, mo ń lágùn bí ti tẹ́lẹ̀, mo kàn ń tètè dé orí rẹ̀ ni. Ohun tó burú sí i: ọrùn dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, gbogbo òkúta wẹẹrẹ tó wà lójú títì ni ọwọ́ mi sì ń mọ̀. Bójò bá ṣú, tàbí mo fẹ́ gbé ẹrù láti Ọjà Ọba, ti irin ni mo ń gbé jáde.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Bí mo bá ń gun òkè, nǹkan kan ń dún “kẹ́ẹ́” lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ mi bá yí po. Lórí ilẹ̀ títẹ́, kì í dún. Ṣé férémù ti sán ni?

Oníṣẹ́ Kẹ̀kẹ́ kọ:

Má bẹ̀rù. Ohun tó ń dún lẹ́ẹ̀kan ní ìyípo ẹsẹ̀ kan, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ wà ni kó o ti kọ́kọ́ wá a. Dìde kúrò lórí ìjókòó bó o bá ń gun òkè. Bó bá dákẹ́, igi ìjókòó ni. Bó bá ṣì ń dún, tú pẹ́dà méjèèjì, nu ojú rẹ́ẹ̀dì wọn, fi gíríìsì sí i, kó o dè é padà kó le. Rántí pé ti apá òsì ń dè lódìkejì: ìhà tí ń tú tọ̀tún ló ń de tòsì. Ọ̀pọ̀ ló ti fi agbára ba rẹ́ẹ̀dì yẹn jẹ́ torí pé wọn ò mọ̀.

Ọmọ Òkè-Àdó kọ:

Pẹ́dà òsì ni, ẹ̀gbọ́n. Ó gbẹ bí egungun. Mo ti fi gíríìsì sí i, mo gun Òkè Ààrẹ láàárọ̀ yìí, mi ò gbọ́ nǹkan kan àyàfi mímí mi. Ìyá Ìbejì, a ń gbéra ní Ṣàngó lágogo mẹ́fà Sátidé yìí, bẹ́ ẹ bá ráyè.

Ìyá Ìbejì Bódìjà kọ:

Mò ń bọ̀. Ẹ má sáré kọjá mi o, kí ẹ sì mú àṣíborí yín dání, gbogbo yín.